Fèrèsé ń fẹ̀, fèrèsé ń súnkì: iṣẹ́ wo ló wá lọ̀ wá, iṣẹ́ wo ló wá kéde?

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi àti ẹ̀yin àbúrò mi. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ bá mi ṣe nǹkan kékeré kan. Ẹni tí kọ̀ǹpútà bá wà níwájú rẹ̀, kó ṣí Notepad, kó tẹ ìlà ọ̀rọ̀ gígùn kan sí i, kó tan Word Wrap, kó wá fi máòsì di igun fèrèsé náà mú nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kó máa fà á lọ, kó máa fà á bọ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe ń tún ara rẹ̀ tò. Lójú ẹni tó ń fà á, fèrèsé ló ń fẹ̀, fèrèsé ló ń súnkì, ó parí. Àwa tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà la mọ̀ pé láàárín ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ fi fà á yẹn, Windows ti rán iṣẹ́ sí ètò náà láìmọye ìgbà, ètò náà sì ti ń dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ tí mò ń wí níbí kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ o. Iṣẹ́ rírán ni, bí ìgbà tí ìyá bá rán ọmọ sí ará ilé kejì. Bí a ṣe ń gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àti èsì tó yẹ ká fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni mo wá bá yín sọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo kọ ètò ìṣirò ọjà fún ìyá kan tó ní ilé ìtajà oògùn. Ojú kọ̀ǹpútà tí mo fi kọ ọ́ fẹ̀ dáadáa, 1920 sí 1080. Láptọ́ọ̀pù ìyá yìí jẹ́ 1366 sí 768. Gbogbo bọ́tìnnì inú ètò náà ni mo ti fún ní àyè tí kò ṣeé yí padà, bọ́tìnnì tó ń fi iṣẹ́ pamọ́ sì wà ní nǹkan bíi píksẹ́lì 820 láti òkè. Lórí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ nìyẹn. Ìyá náà kò mọ̀ pé bọ́tìnnì kankan wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń tẹ orúkọ oògùn àti iye owó wọn sínú ètò yìí; tó bá di alẹ́ á tì í, tí ilẹ̀ bá mọ́ kò ní bá ohunkóhun. Nígbà tó pè mí, ohun tó sọ ni pé, “Ọmọ mi, mò ń kọ ọ́ o, kì í dúró.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì bá a tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tí mo wá jókòó láti tún ètò náà kọ, mo rò pé kí n kàn mú WM_SIZE, iṣẹ́ tó ń sọ pé ìwọ̀n fèrèsé ti yí padà, kí n máa sún bọ́tìnnì kiri, ọ̀rọ̀ tán. Kò tán. Ó pẹ́ kí n tó rí ohun tó ń dà mí láàmú: àwọn iṣẹ́ tó ń wá nípa ìwọ̀n fèrèsé kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo. Àwọn kan wá lọ̀ wá ni: báyìí la fẹ́ ṣe, kí lẹ wí sí i? Àwọn kan wá kéde ni: báyìí la ti ṣe. Bí wọ́n bá pè yín sí ìpàdé ẹbí kí wọ́n tó mú ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹ lè sọ pé ọjọ́ yẹn kò rọ̀ yín lọ́rùn, wọn á sì sún un. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ káàdì ìpè ni wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n ti mú ọjọ́. Aṣọ ló kù tí ẹ ó rán. Ọ̀pọ̀ kóòdù tí mo ti kà, tèmi náà wà nínú rẹ̀, ló jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ gba káàdì ìpè tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jiyàn lórí ọjọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ ṣe ń dé ná. Fèrèsé kọ̀ọ̀kan ní Windows ló ní fọ́ńṣàn kan tó ń gbàlejò fún un, èyí tí wọ́n ń pè ní window procedure. Ohunkóhun tó bá kan fèrèsé náà, Windows á pe fọ́ńṣàn yìí, á fún un ní nọ́ńbà iṣẹ́ náà àti ẹrù méjì, wParam àti lParam. Nọ́ńbà WM_SIZE ni 5. Nínú lParam rẹ̀, bíìtì 16 tó wà nísàlẹ̀ ni ìbú, 16 tó wà lókè rẹ̀ ni gíga. wParam ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́: 0 túmọ̀ sí pé ìwọ̀n rẹ̀ yí padà lásán, 1 pé wọ́n ti ká fèrèsé náà mọ́lẹ̀, 2 pé wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ kún ojú kọ̀ǹpútà.

Ìbú àti gíga wọ̀nyí, ti inú fèrèsé ni, kì í ṣe ti férémù. Orí tí orúkọ ètò wà àti etí tí a ń dì mú kò sí níbẹ̀. GetClientRect ló bá a mu. GetWindowRect ń ka férémù mọ́ ọn. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀, bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa wọlẹ̀ ní ọgbọ̀n píksẹ́lì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á sì máa wá ẹ̀bi kiri níbi tí kò sí.

Ohun mìíràn tó ń rú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójú ni pé wọ́n á lọ dúró ti GetMessage, fọ́ńṣàn tó ń mú iṣẹ́ kúrò lórí ìlà, wọ́n á máa retí WM_SIZE níbẹ̀. Kò ní gba ibẹ̀ kọjá. Kì í tò sórí ìlà bí iṣẹ́ kíbọ́ọ̀dù ṣe ń tò. Windows á pe window procedure tààrà ni. Ìdí nìyí tó fi lè dé kí ẹ tó múra sílẹ̀ fún un. Bí ẹ bá fi WS_VISIBLE, àmì pé kó hàn lójú ẹsẹ̀, sí fèrèsé nígbà tí ẹ ń fi CreateWindow dá a, WM_SIZE àkọ́kọ́ á ti dé kí CreateWindow tó dá hwnd, àmì ìdánimọ̀ fèrèsé náà, padà fún yín. Bó bá jẹ́ pé hwnd tí CreateWindow ń bọ̀ wá fún yín ni kóòdù yín gbójú lé, òfo lẹ ó bá. Èyí tí iṣẹ́ náà gbé wá fúnra rẹ̀ ni kí ẹ lò. WM_GETMINMAXINFO, iṣẹ́ tó ń béèrè ìwọ̀n tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù, tilẹ̀ ń ṣáájú WM_NCCREATE, iṣẹ́ tó ń wá nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá fèrèsé, ìyẹn ni pé iṣẹ́ yìí ti ń kanlẹ̀kùn kí ẹ tó so dátà yín mọ́ fèrèsé náà rárá. Mo ti rí ètò tó kú síbẹ̀, tí ẹni tó kọ ọ́ sì ń wá àìsàn náà nínú WM_CREATE.

WM_GETMINMAXINFO yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó wá lọ̀ wá. Ó gbé MINMAXINFO wá, nínú rẹ̀ sì ni ptMinTrackSize wà, ibi tí ẹ ó ti sọ pé, “Ẹ má jẹ́ kí ó kéré ju báyìí lọ.” Ẹ kọ ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ sí i, ó tán. Bí ẹni tó ń fà á bá fà á dé ibẹ̀, etí fèrèsé á kọ̀, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò máa lọ. Ìwọ̀n tí à ń kọ síbẹ̀ ka férémù mọ́ ọn o. Bó bá jẹ́ pé inú fèrèsé lẹ fẹ́ kó tó 640 sí 480, ẹ kọ́kọ́ fi AdjustWindowRectEx ṣírò ohun tí férémù máa fi kún un.

WM_SIZING náà wá lọ̀ wá ni, ṣùgbọ́n ó dé nígbà tí ọwọ́ ṣì wà lórí máòsì. Ó gbé RECT kan wá, ìyẹn àyè tí fèrèsé ń bọ̀ wá gbà, wParam rẹ̀ sì ń sọ etí tí wọ́n dì mú: 1 ni òsì, 2 ni ọ̀tún, 3 ni òkè, 6 ni ìsàlẹ̀, 8 sì ni igun ìsàlẹ̀ lọ́tùn-ún. Ẹni tó ń kọ ètò fídíò tó fẹ́ kí fèrèsé wà ní 16 sí 9 nígbà gbogbo, ibí ni yóò ti ṣe é: á tún RECT náà ṣe, á sì dá TRUE padà. Ẹ fi ojú sí etí náà dáadáa. Bí wọ́n bá fa etí òsì tí ẹ sì lọ tún etí òsì kan náà ṣe láti fi mú ìbú bá gíga mu, etí náà á máa yọ́ kúrò lábẹ́ ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Etí tí ọwọ́ wà, ẹ fi sílẹ̀ fún ọwọ́. Gíga ni kí ẹ yí.

WM_SIZING ń wá nígbà tí ènìyàn bá ń fa fèrèsé nìkan. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì tó ń fẹ̀ ẹ́ kún ojú kọ̀ǹpútà, tàbí tí ètò fúnra rẹ̀ bá pe SetWindowPos láti yí ìwọ̀n tàbí àyè fèrèsé padà, kò ní wá. WM_WINDOWPOSCHANGING ló ń wá ní gbogbo ọ̀nà wọ̀nyẹn, òun náà sì wá lọ̀ wá ni. Ìkejì rẹ̀, WM_WINDOWPOSCHANGED, kéde ló wá kéde. Inú ìkéde yìí gan-an sì ni WM_SIZE ti ń jáde: DefWindowProc, fọ́ńṣàn Windows tó ń bójú tó iṣẹ́ tí ètò wa bá fi sílẹ̀ fún un, ló ń gbà á, tó sì ń fi bí WM_SIZE àti WM_MOVE. Bí ẹ bá mú WM_WINDOWPOSCHANGED tí ẹ sì dá 0 padà láìjẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ DefWindowProc, WM_SIZE kò ní wá mọ́ láé. Ọ̀sán ọjọ́ kan odindi ni mo fi wá èyí.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń bá ìkéde jiyàn? Kóòdù rẹ̀ máa ń rí báyìí: WM_SIZE dé, ó wò ó, ìbú kò tó 400, ó bá pe SetWindowPos láti dá a padà sí 400. SetWindowPos náà tún bí WM_SIZE mìíràn nínú èyí tí kò tíì parí. Ọwọ́ ẹni tó ń fà á kò sì tíì kúrò, nítorí náà Windows á tún fà á kéré, kóòdù á tún fà á tóbi. Fèrèsé á máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Ìlà mẹ́ta péré nínú WM_GETMINMAXINFO ló lè wo èyí sàn.

Nínú WM_SIZE fúnra rẹ̀, iṣẹ́ wa kò pọ̀. Ẹ gba ìbú àti gíga tó gbé wá, ẹ ṣírò àyè gbogbo ohun inú fèrèsé láti inú méjèèjì, ẹ sún wọn síbẹ̀. Bí àwọn ọmọ fèrèsé bá pọ̀, ẹ má fi MoveWindow sún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí BeginDeferWindowPos, ẹ kó gbogbo wọn jọ, kí EndDeferWindowPos wá sún wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tí DeferWindowPos bá dá padà ni kí ẹ lò fún ìpè tó tẹ̀ lé e, torí ó lè yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òdo ló gba ìfarabalẹ̀. Bí wọ́n bá ká fèrèsé mọ́lẹ̀, WM_SIZE á dé pẹ̀lú SIZE_MINIMIZED, ìbú 0, gíga 0. Ètò tó ń pín ìbú fún gíga á kú lójú ẹsẹ̀ tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìranù. Ètò tó ń fi Vulkan ya àwòrán kò lè dá swapchain, ìyẹn ọ̀wọ́ àwòrán tó ń gba ipò ara wọn lójú kọ̀ǹpútà, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ òdo. Ó ní láti dúró títí fèrèsé yóò fi padà. Ní ti Direct3D, ẹ gbọ́dọ̀ tú gbogbo ohun tó bá ṣì di back buffer, àwòrán tí kò tíì hàn, mú sílẹ̀ kí ẹ tó pe ResizeBuffers láti yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní gbà. Nígbà tó bá jẹ́ SIZE_MINIMIZED, èmi kì í ṣe nǹkan kan. Mo kàn ń padà ni. Kò sí ẹni tó ń wo fèrèsé tí wọ́n ti ká mọ́lẹ̀.

Wàyí o, ìṣẹ́jú. Ẹ ti rí fèrèsé tó ń ṣẹ́jú pìrì-pìrì bí wọ́n ṣe ń fà á. Ẹ fi wé akùnlé tí wọ́n ní kó yí àwòrán kan padà lára ògiri, tó jẹ́ pé kó tó fọwọ́ kan àwòrán, á kọ́kọ́ fi ẹfun kun gbogbo ògiri, á wá yà á látòkè délẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, kò burú. Bó bá ń ṣe é ní ọgbọ̀n ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹfun lẹ ó máa rí, ẹ kò ní rí àwòrán. WM_ERASEBKGND ni ẹfun yẹn. CS_HREDRAW àti CS_VREDRAW tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ sínú WNDCLASS, àpèjúwe irú fèrèsé, láìbéèrè ìdí rẹ̀, àwọn ló ń sọ pé kí gbogbo ògiri di títún kùn bí ìbú tàbí gíga bá ti yí padà, ì báà ṣe píksẹ́lì kan. Ẹ yọ wọ́n bí ètò yín kò bá nílò wọn. Ẹ fi WS_CLIPCHILDREN sí fèrèsé tó lọ́mọ, kí ìyá má baà máa kun orí àwọn ọmọ. Ẹ dá iye tí kì í ṣe òdo padà fún WM_ERASEBKGND, kí ẹ sì ya gbogbo àwòrán sórí bítímáàpù kan nínú mẹ́mórì, kí BitBlt wá gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń wò ó kò ní rí ẹfun mọ́.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ kóòdù àtijọ́ kò fi bìkítà fún èyí? Láyé ìgbà tí wọ́n kọ ọ́, bí ẹ bá fa etí fèrèsé, ìlà férémù rẹ̀ nìkan ló máa ń tẹ̀ lé ọwọ́ yín; inú fèrèsé kì í yí padà àfi tí ẹ bá tú máòsì sílẹ̀. WM_SIZE kan ṣoṣo ló ń wá, ní ìparí. Ní 1995, Microsoft Plus! fún Windows 95 gbé ẹ̀yà kan dé, tó ń jẹ́ kí inú fèrèsé máa hàn bí wọ́n ṣe ń fà á. Kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ ńlá nínú WM_SIZE, tí kò sẹ́ni tó ń rí i tẹ́lẹ̀, wá di ohun tí gbogbo ayé ń rí.

Ohun tó ń ba àwọn tó ń kọ eré kọ̀ǹpútà lọ́kàn jẹ́ jù ni èyí tó kàn. Eré ń lọ, òòrùn ń yípo, ẹnì kan bá di etí fèrèsé mú, gbogbo rẹ̀ dúró gbagidi. Ó tú u sílẹ̀, eré tún gbéra. Kì í ṣe pé ètò náà kú. Nígbà tí wọ́n bá di etí fèrèsé mú, DefWindowProc ń wọ inú lúùpù tirẹ̀, kò sì ní jáde níbẹ̀ títí wọ́n á fi tú máòsì sílẹ̀. Lúùpù tí ẹ kọ fúnra yín ń dúró dè é lẹ́yìn. Windows ń kéde ìwọlé yìí pẹ̀lú WM_ENTERSIZEMOVE, ó sì ń kéde ìjáde pẹ̀lú WM_EXITSIZEMOVE. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń fi SetTimer dá táímà kan nígbà tí àkọ́kọ́ bá dé. Lúùpù ti Windows ń pín iṣẹ́ fún ètò wa, nítorí náà WM_TIMER á máa dé, inú rẹ̀ ni mo ti ń mú eré náà lọ síwájú. Nígbà tí ìkejì bá dé, mo pa táímà náà.

Ènìyàn lè sọ pé, ó dáa, kí gbogbo iṣẹ́ ńlá dúró di WM_EXITSIZEMOVE. Ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó tẹ bọ́tìnnì tó ń fẹ̀ fèrèsé kún ojú kọ̀ǹpútà kò fa nǹkan kan, nítorí náà WM_ENTERSIZEMOVE kò wá, WM_EXITSIZEMOVE náà kò ní wá. Ẹ ní àmì kan tó ń sọ bóyá a wà nínú fífà. Bí a bá wà níbẹ̀, WM_SIZE á kàn rántí ìwọ̀n tuntun; bí a kò bá sí níbẹ̀, kó ṣe iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀.

WM_DPICHANGED, tó dé pẹ̀lú Windows 8.1, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kàn án. Ó ń wá nígbà tí fèrèsé bá kúrò lórí ojú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn tí ìwọ̀n lẹ́tà rẹ̀ yàtọ̀. DPI, iye píksẹ́lì nínú íǹṣì kan, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: 96 ni 100%, 144 ni 150%. Ìkéde ni, ṣùgbọ́n ó gbé àbá wá nínú lParam, RECT tí Windows rò pé ó yẹ. Ẹ gba àbá náà. Ẹni tó bá ṣírò tirẹ̀ lè rí i kí fèrèsé fò padà sí ojú kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, kí iṣẹ́ náà tún wá, kó tún fò lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Linux, mo rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kàn yín náà. Ní X11, ètò fèrèsé tó ti wà láti 1987, ConfigureNotify ni ìkéde. Ìwọ̀n tó kéré jù, ẹ ti ní láti kọ ọ́ sínú WM_NORMAL_HINTS ṣáájú, kí window manager, ètò tó ń tò àwọn fèrèsé, lè mọ̀. Ti X11 ń tò sórí ìlà, nítorí náà bí yíyàwòrán yín bá falẹ̀, ConfigureNotify ogún lè ti máa dúró dè yín. Ẹ fa gbogbo wọn jáde, kí ẹ lo èyí tó kẹ́yìn nìkan. Ìwọ̀n tó ti kọjá, ẹ má ya á. Wayland, èyí tó ń gba ipò X11, ló wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí òun ló sọ ìyàtọ̀ tí mò ń tẹnu mọ́ láti àárọ̀ di òfin. Compositor, ètò tó ń kó gbogbo fèrèsé jọ sójú kọ̀ǹpútà, á fi configure ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwọ̀n tó dábàá. Bí ó bá fi òdo sí i, ó ní kí ètò yín yan èyí tó fẹ́. Ẹ fi ack_configure dáhùn pé ẹ ti gbọ́, ẹ ya àwòrán ní ìwọ̀n náà, ẹ wá fi commit gbé e sílẹ̀. Títí ẹ fi máa gbé e sílẹ̀, àwòrán ti tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà.

Àbúrò kan bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé báwo ni òun ṣe lè jẹ́ kí fèrèsé ṣí ní ìwọ̀n tí wọ́n fi í sí kẹ́yìn. Ó ń lo GetWindowRect nígbà tí ètò bá fẹ́ tì, fèrèsé rẹ̀ sì máa ń sọnù nígbà mìíràn. Bí wọ́n bá ti ètò nígbà tí ó wà ní kíká mọ́lẹ̀, -32000 ni GetWindowRect á fún yín, torí ibẹ̀ ni Windows ń gbé fèrèsé tí wọ́n ká mọ́lẹ̀ sí. GetWindowPlacement ni kí ẹ lò: rcNormalPosition inú rẹ̀ ń rántí ìwọ̀n fèrèsé nígbà tó wà ní ipò rẹ̀ gan-an. Nígbà tí ẹ bá ń ṣí i padà, SetWindowPlacement á tún un ṣe bí àyè náà bá ti bọ́ sí ìta ojú kọ̀ǹpútà pátápátá. Ètò ìyá olóògùn náà ń lo méjèèjì báyìí. Bọ́tìnnì tó ń fi iṣẹ́ pamọ́, mo ti gbé e lọ sókè, lápá òsì, níbi tí píksẹ́lì 0 ti bẹ̀rẹ̀.